Ẹ́ńjìnnì Tuntun Nínú Ẹ̀rọ Àgbà

Bí ohun èlò kan bá ti sìn wá fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ọkàn rẹ̀ sì dúró lójijì, kí ni ó tọ́ kí a ṣe sí i? Ṣé kí a ra ọkàn mìíràn fi sínú rẹ̀ ni, tàbí kí a gbé e jù sẹ́yìn ilé kí a sì gbàgbé rẹ̀? Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọ̀rọ̀ owó lásán ni èyí: iye tí yóò náni àti iye tí yóò ṣẹ́kù lápò. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní àdúgbò Djègan-Kpèvi, ní Àjàṣẹ́ níbí, a wà níbẹ̀ nígbà tí ìdílé kan ń jiyàn lórí irú ọ̀ràn yìí fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, ohun tí a sì gbọ́ lẹ́nu wọn ju ọ̀rọ̀ owó lọ.

Ohun èlò náà ni ẹ̀rọ tí ń fọ àwo, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí lave-vaisselle. Ọ̀pọ̀ ilé ní àdúgbò wa kò ní i, ọ̀pọ̀ kò sì fẹ́ ẹ. Àwọn tí a rí níbí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ tòkunbọ̀ tán: wọ́n ti fọ àwo àwọn ẹlòmíràn ní ilẹ̀ Faransé tàbí ní Bẹ́ljíọ̀mù kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí èbúté Kútọnú. Iná wọn àti iná wa bára mu, nítorí náà ẹni tí ó bá gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ délé kò nílò ju omi ẹ̀rọ, ojú iná tí ó lágbára, àti ibi tí omi ìdọ̀tí yóò gbà jáde lọ. Ti ìdílé tí à ń sọ yìí ti ṣiṣẹ́ fún wọn fún ọdún mẹ́fà. Ní ọjọ́ kan ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí oyin inú ihò igi, kò sì fọ nǹkan kan mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a sọ bí ẹ̀rọ náà ti rí nínú, nítorí pé ẹni tí kò mọ ohun tí ó kú kò lè sọ bóyá ó yẹ kí a jí i. Omi ń wọlé sí ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ, irin gbígbóná kan ń mú un gbóná, ẹ́ńjìnnì kan sì ń yí abẹ̀bẹ̀ kékeré tí ń ti omi náà gòkè lọ sí àwọn apá oníhò tí ń pòòyì, kí omi lè máa ta sára àwo láti òkè àti láti ìsàlẹ̀. Omi kan náà ni ó ń lọ tí ó ń bọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Níbi tí ọ̀pá ẹ́ńjìnnì ti wọ inú omi, òrùka rọ́bà kan wà níbẹ̀ tí ń dí i. Òrùka yìí sábà máa ń gbó ṣáájú ohun gbogbo. Omi á máa yọ́ gba ibẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, á dé ibi roulement, irin á dípẹtà, ariwo á bẹ̀rẹ̀, títí di ọjọ́ tí ọ̀pá náà yóò le gbagidi tí iná yóò sì jó wáyà inú ẹ́ńjìnnì. Nígbà mìíràn ẹ́ńjìnnì kò tilẹ̀ kú rárá: condensateur tí ń ràn án lọ́wọ́ láti gbéra ni ó ti rẹ̀, ohun kékeré tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ìdí nìyí tí oníṣẹ́ tí ó ní làákàyè fi máa ń kọ́kọ́ yọ iná, tí yóò fi ọwọ́ yí abẹ̀bẹ̀ wò, tí yóò wọn condensateur, kí ó tó pe ẹ́ńjìnnì ní òkú.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wá tú ti ìdílé yìí ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sọ fún wọn pé ẹ́ńjìnnì ti jóná ní tòótọ́, pé òun wá tuntun dé ọjà Ouando òun kò rí i, ṣùgbọ́n òun lè yọ ọ̀kan lára ẹ̀rọ mìíràn tí ó kú ikú ọ̀tọ̀ ní Kútọnú. Owó tí ó pè, pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kò jìnnà sí owó-oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin gbà ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, èyí tí ó ti jẹ́ 52.000 fáráǹkì láti oṣù Kìíní ọdún 2023. Ibẹ̀ ni iyàn ti bẹ̀rẹ̀.

Bàbá àgbà ilé náà ni ó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ tí ó mú wa ronú. Ó ní, “Bí ẹ bá yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kí ni ó kù? Páànù àti rọ́bà. Ẹ̀rọ ẹlòmíràn ni ẹ fẹ́ rà, ẹ kàn fẹ́ fi awọ tiyín bò ó ni.” Kò mọ̀ pé àwọn amòye ilẹ̀ Gíríìkì ti gun ẹṣin yìí ṣáájú òun. Plutarch kọ nípa ọkọ̀ ojú omi Theseus, tí àwọn ará Athens ń tọ́jú, tí wọ́n ń yọ pákó tí ó bá jẹrà kúrò tí wọ́n sì ń fi èyí tí ó le sí ipò rẹ̀, títí ó fi di ohun tí àwọn amòye ń fi ṣe àríyànjiyàn: àwọn kan ní ọkọ̀ kan náà ni, àwọn kan ní òmíràn ni. Ní ọdún 1655, Thomas Hobbes, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tún fi ata sí ọbẹ̀ náà. Ó ní bí ẹnì kan bá ń kó àwọn pákó àtijọ́ wọ̀nyẹn pamọ́, tí ó sì tò wọ́n pọ̀ padà bí wọ́n ti wà tẹ́lẹ̀, èwo nínú ọkọ̀ méjèèjì ni ti Theseus? Ẹni tí ó bá ti wọ ìsọ̀ àwọn tí ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ìlú wa mọ̀ pé èyí kì í ṣe àlọ́ àwọn tí kò níṣẹ́. Ilẹ̀kùn ẹ̀rọ kan wà lára èkejì níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì èkejì wà nínú ẹ̀kẹta, kò sì sí adájọ́ tí ó lè sọ èwo ni èwo.

Ṣùgbọ́n kí ni ó ń lé wa dé Athens? Àgbẹ̀ tí ó ti pààrọ̀ ẹrúkọ́ nígbà mélòó kan ṣì ń pè é ní ọkọ́ bàbá òun. Onílù á bó awọ tí ó ti ya, á fi tuntun bo ìlù, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé ìlù ti yàtọ̀. Ẹ wo egúngún ilé. Ọdọọdún ni àwọn ọmọ ìdílé ń fi aṣọ tuntun lé aṣọ rẹ̀, ti àtijọ́ á máa gbó nísàlẹ̀, á máa já dànù, ó sì lè jẹ́ pé kò sí òwú kan lára rẹ̀ lónìí tí ó wà níbẹ̀ nígbà ayé àwọn baba ńlá wọn. Síbẹ̀ orúkọ kan náà ni a fi ń kí i, oríkì kan náà ni a ń ki. Kí ni kò yí padà? Ìdílé tí ó ni ín kò yí padà, iṣẹ́ tí ó ń wá ṣe láàárín wọn kò sì yí padà. Lójú tiwa, ìdáhùn tí ó wà nínú èyí jinlẹ̀ ju ti àwọn Gíríìkì lọ: ohun tí ó ń mú kí nǹkan jẹ́ ara rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀yà ara rẹ̀, bí kò ṣe ojúṣe tí ó so ó mọ́ àwọn ènìyàn.

A mọ̀ pé ẹ̀rọ ìfọwo kì í ṣe egúngún, kò sì sí ẹni tí yóò kúnlẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ìlànà náà wúlò fún wa. Bí ojúṣe bá ni ó sọ ẹ̀rọ di ohun kan, nígbà náà, kí a tó bèèrè bóyá ó tọ́ láti fi ẹ́ńjìnnì tuntun sí i, ó yẹ kí a bèèrè irú ojúṣe tí ó wà níbẹ̀, àti ọrùn ẹni tí ó wà.

Ọrùn ẹni tí ó ṣe é ni ó kọ́kọ́ wà. Àwọn ará Yúróòpù ti rí èyí, wọ́n sì ti sọ ọ́ di òfin. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 2021, ẹni tí ó bá ń ta ẹ̀rọ ìfọwo ní àwọn orílẹ̀-èdè Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù gbọ́dọ̀ lè pèsè ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fún àwọn oníṣẹ́ àtúnṣe fún ọdún méje, ó kéré tán, lẹ́yìn tí ó bá ti gbé èyí tí ó kẹ́yìn nínú irú rẹ̀ sí ọjà. Ti rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn àti agbọ̀n inú rẹ̀ jẹ́ ọdún mẹ́wàá. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ilẹ̀ Faransé ń béèrè pé kí máàkì kan, lórí 10, wà lára ẹ̀rọ ìfọwo tí a bá ń tà níbẹ̀, láti fi bí ó ti rọrùn tó láti tún un ṣe hàn. Kódà láti ọdún 2015 ni òfin wọn ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí oníṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ gé ọjọ́ ayé ọjà rẹ̀ kúrú kí a lè tètè ra òmíràn.

Àwọn òfin wọ̀nyí dára, a kò ní fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun kan ni wọn kò lè ṣe: òfin kì í wọ ọkọ̀ ojú omi. Ẹ̀rọ rékọjá òkun, àdéhùn dúró sí èbúté òkè òkun. Ohun tí ó ń dé ọ̀dọ̀ wa ni ìyókù ọjọ́ ayé ẹ̀rọ náà, àti gbogbo ikú rẹ̀. Èyí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, nítorí pé ilẹ̀ wa ti gba òkú àwọn ẹlòmíràn rí. Ní ọdún 1988 ni a rí àwọn àgbá pàǹtí olóró láti Ítálì ní Koko, ní Nàìjíríà. Ní 1991 ni àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà péjọ sí Bamako, ní Màlì, tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn pé a kò gbọ́dọ̀ kó pàǹtí eléwu wọ ilẹ̀ wa mọ́. Ẹ̀rọ tí ó ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe pàǹtí. Ẹ̀rọ tí ó kú, pàǹtí ni. Ohun tí ó wà láàárín ipò méjèèjì, nínú ọ̀ràn tiwa, kò ju ẹ́ńjìnnì kan tí ènìyàn lè gbé ní ọwọ́ kan lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá tún ẹ̀rọ tòkunbọ̀ ṣe ní Àjàṣẹ́ ń pinnu, bóyá ó mọ̀ tàbí kò mọ̀, bóyá ohun èlò ni a gbà lọ́wọ́ Yúróòpù tàbí ìdọ̀tí. Bàbà inú ẹ́ńjìnnì ní owó lórí. A sì ti rí ní Agbogbloshie, ní Accra, kí wọ́n tó wó ibẹ̀ ní 2021, bí àwọn ọ̀dọ́ ti ń sun wáyà nínú iná gbangba kí bàbà rẹ̀ lè yọ, tí èéfín rẹ̀ sì ń wọ inú wọn lọ.

Ẹnì kan lè sọ pé ẹ̀rọ àtijọ́ ń jẹ omi àti iná ju tuntun lọ. Òótọ́ ni. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ṣe ní bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn máa ń gba 20 lítà omi tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìfọ̀ ẹ̀ẹ̀kan, ti ìsinsìnyí kì í sì í sábà ju nǹkan bí 10 lọ. Bí ó bá jẹ́ pé láàárín àtijọ́ àti tuntun ni ìdílé yìí ti ń yàn, ọ̀rọ̀ náà yóò ní ìwọ̀n lórí àtẹ wa. Kò sí ẹni tí ó dárúkọ tuntun nínú ilé náà.

Ọ̀nà kejì tí wọ́n ní gan-an ni ó mú kí a kọ àròkọ yìí. Ní ọjọ́ kẹta iyàn náà, àbúrò bàbá wọn obìnrin wọlé, ó gbọ́ owó tí oníṣẹ́ pè, ó pàtẹ́wọ́. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kí ni ẹ ń da ara yín láàmú sí? Ṣé ọmọ kò sí nílé ni?” Gbogbo ilé sì dákẹ́ bí ẹni tí a ti là lóye. Ọmọ tí ó ń sọ kì í ṣe ọmọ bíbí wọn. Ọmọbìnrin tí a mú wá láti abúlé ni, tí ó tó ọmọ ọdún mọ́kànlá, ọmọ ọ̀dọ̀, irú èyí tí àwọn aládùúgbò wa tí ń sọ èdè Fọ̀n ń pè ní vidomègon.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìṣirò tí obìnrin yìí ṣe, nítorí pé ọ̀pọ̀ wa ni a ń ṣe é láìpariwo. Ní ọwọ́ kan, ẹ́ńjìnnì, 50.000 fáráǹkì àti díẹ̀ lé e. Ní ọwọ́ kejì, ọwọ́ ọmọ: òfo. Ẹni tí ó bá gbé ohun tí ó ní iye ka orí òṣùwọ̀n pẹ̀lú ohun tí a ti sọ pé kò ní iye kò wọn nǹkan kan. Ó ti dájọ́ kí ó tó gbé òṣùwọ̀n jáde. Kì í ṣe pé obìnrin náà burú. Ó nífẹ̀ẹ́ ọmọ, a sì ti rí i tí ó ra bàtà fún ọmọbìnrin yìí kan náà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ láti ka wákàtí méjì tí ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀ sídìí ẹnu omi lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ gẹ́gẹ́ bí ohun tí ẹnì kan ń san.

Ìtàn ẹ̀rọ yìí fúnra rẹ̀ jọ èyí. Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Josephine Cochrane ti ìlú Shelbyville ní Illinois, gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ ìfọwo tirẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 1886, ó sì pàtẹ rẹ̀ níbi ìpàtẹ àgbáyé ti Chicago ní 1893. Àwọn ilé ìtura àti ilé oúnjẹ ńláńlá ni ó kọ́kọ́ ń rà á. Ohun tí wọ́n máa ń sọ nípa bí ó ti bẹ̀rẹ̀ ni pé àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ ń há àwo tánganran rẹ̀ lẹ́nu nígbà tí wọ́n bá ń fọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn ún. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, àánú àwo ni ó bí ẹ̀rọ náà, kì í ṣe àánú ọwọ́ tí ń fọ àwo. Ìyẹn kò ní kí ọwọ́ má rí ìsinmi nínú rẹ̀ lẹ́yìn náà.

A mọ èsì tí àwọn òǹkàwé wa kan yóò fọ̀. Wọn yóò ní iṣẹ́ ilé kì í pa ọmọ, àwo fífọ̀ ni gbogbo wa fi dàgbà, ọmọ tí kò bá mọ ìkòkò fọ̀ kò ní mọ ilé tọ́jú. A fara mọ́ èyí títí dé ibì kan. Ọmọ tí ó fọ àwo tí òun fi jẹun, tí àbúrò rẹ̀ sì fọ tirẹ̀ lọ́la, ẹ̀kọ́ ni ó ń kọ́. Ọmọ tí ó ń fọ àwo ènìyàn mẹ́sàn-án lálaalẹ́, nígbà tí àwọn ọmọ ilé tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó ti ìwé wọn, kí ni a ń kọ́ ọ? A ń kọ́ ọ ní ipò rẹ̀. A sì ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ní ipò tiwọn, ẹ̀kọ́ yìí sì ń wọlé sí wọn lára ju gbogbo èyí tí àwa olùkọ́ ń kọ sí ojú pátákó lọ. Ní kíláàsì wa, ní agogo méje àárọ̀, a mọ àwọn tí wọ́n fọ àwo kí wọ́n tó sùn. Ojú wọn ni a fi ń mọ̀ wọ́n. Òfin Bẹ̀nẹ̀ lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé, ti oṣù Kejìlá ọdún 2015, kò gbà kí a máa fi iṣẹ́ jẹ ọmọ run, ṣùgbọ́n òfin yìí pẹ̀lú ní èbúté tí ó ń dúró sí: kì í wọ ilé ìdáná lẹ́yìn agogo mẹ́sàn-án alẹ́.

A kò sọ pé ẹ̀rọ ni yóò gba ọmọ là. A mọ ilé tí ó ní ẹ̀rọ tí ó dára, tí ọmọ ọ̀dọ̀ náà sì ń to àwo sínú rẹ̀, tí ó ń kó o jáde, tí wọ́n sì fi àkókò tí ó yẹ kí ó fi sinmi ta omi yìnyín. A tún mọ̀ pé ilé tí kò ní ẹ̀rọ kò dá ẹ̀ṣẹ̀ kankan: àgbà ọkùnrin mẹ́ta wà nínú ìdílé tí à ń sọ yìí, ọwọ́ mẹ́fà, kò sì sí ẹni tí ó ka ọwọ́ wọ̀nyẹn mọ́ ohun tí ó lè fọ àwo. Bóyá èyí ni ìrònú tí ó ṣòro jù lọ nínú gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ pé òun kò ní owó ẹ́ńjìnnì lè jẹ́ olódodo, a kò sì ní bá a jà, bí ó bá ti lè na ọwọ́ tirẹ̀ sínú omi ọṣẹ. Ẹni tí ó ní owó, tí ó ní ọwọ́, tí ó sì pa méjèèjì mọ́ nítorí pé ọmọ ọlọ́mọ wà nílé, òun ni a ń bá wí.

A sọ èyí fún wọn, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, nítorí pé wọ́n jù wá lọ. Bàbá àgbà bi wá bóyá ilé ìwé ni a rò pé a wà. Ṣùgbọ́n ìyá ilé, tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, béèrè lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà agogo wo ni ó sùn lálẹ́ àná. Ọmọ náà wo ilẹ̀, ó ní òun kò wo agogo.

Oníṣẹ́ padà wá ní ọjọ́ Sátidé kejì pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tí ó yọ lára ẹ̀rọ mìíràn. Ó pààrọ̀ òrùka rọ́bà pọ̀ mọ́ ọn, ó sì ṣàlàyé fún wọn pé bí wọ́n bá fi ẹ́ńjìnnì sí i láìpààrọ̀ òrùka, omi yóò tún pa á láìpẹ́. Ó gbé ti àtijọ́ lọ; ó ní òun kì í sun wáyà, ọ̀gá òun kọ́ òun bí a ti ń fi ọwọ́ tú u. Ìyá ilé ti kọ orúkọ gbogbo wọn sára ògiri ilé ìdáná, ẹni tí yóò to àwo sínú ẹ̀rọ ní ọjọ́ Ajé, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, títí dé ọjọ́ Àìkú. Orúkọ bàbá àgbà wà ní ọjọ́rú. Wọ́n ní ó ń ṣe é, bí kò bá sí àlejò. Ìkòkò ọbẹ̀ àti ìkòkò ọkà kò wọ inú ẹ̀rọ náà, wọ́n tóbi jù. Ìdí ẹnu omi ni wọ́n ṣì wà, iyàn lórí ẹni tí yóò máa fọ̀ wọ́n kò sì tíì tán.